Ọ̀nà kan ò wọjà: kíláàsì, yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ilé-iṣẹ́, tàbí ayélujára fún ẹni tó ka Áàtì?

Lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, àwọn àgbà tíṣà máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ọ̀run ni èrè tíṣà wà. Wọn á rẹ́rìn-ín tán, oníkálukú á wá fa bébà pélébé yọ láti ṣírò ohun tó kù lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá ti yọ tiwọn. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín fún ọdún mẹ́rin. Ìgbà tó yá ni ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní Èkó pè mí pé ọ̀gá àwọn ń wá ẹni tí yóò kọ́ òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí oníbàárà. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré. Owó tí wọ́n ní àwọn máa san ju owó oṣù mi mẹ́ta lọ.

Oṣù mẹ́ta náà ni mo sì fi dúró kí owó ọ̀hún tó tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Látìgbà náà ni mo ti fi ẹsẹ̀ kan sí kíláàsì, tí mo fi èkejì sí yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn àbúrò tó ka Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, Ìtàn, Filọ́sọ́fì tàbí Tíátà kì í yé bi mí pé, "Àǹtí, èwo ni kí n mú níbẹ̀?" Mo kọ èyí kí n lè máa fi ránṣẹ́ sí wọn, kí káàdì fóònù mi lè sinmi.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọ́kọ́ béèrè iye owó. Èmi á ní kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí owó ń dé. Onílé kò mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ńlá jẹ yín ní ₦400,000; ohun tó mọ̀ ni pé oṣù ti parí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wo ẹni tó ni àkókò yín: ṣé ẹ lè sọ pé ẹ kò ní wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kí iṣẹ́ má bọ́? Ẹ wo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n máa béèrè lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wo bóyá òfin gbà yín láàyè láti ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn, ẹ wo ọjọ́ ogbó. Ìbéèrè tó kù jẹ́ ti èmi fúnra mi, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ bi í: níbi tí mo ń lọ yìí, ṣé ìkọ̀wé ni mo máa kọ́ wọn ní tòótọ́, àbí orúkọ rẹ̀ lásán ni?

Ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba

Owó rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà ilé. Ní oṣù Keje 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé owó oṣù tó kéré jù lọ láti ₦30,000 lọ sí ₦70,000. Èkó ní ₦85,000 ni tiwọn, Ọ̀yọ́ ní ₦80,000. Ẹni tó ní dìgírí kì í bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá yẹn, ipele kẹjọ ni wọ́n máa ń gbà á sí, ṣùgbọ́n ẹ má ronú pé àlàfo tó wà láàárín méjèèjì gùn bí afárá Third Mainland.

Ohun tí ẹ ń rà pẹ̀lú owó kékeré yẹn ni ìfọ̀kànbalẹ̀. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, agbanisíṣẹ́ á fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sí àpò ìfẹ̀yìntì yín, ẹ̀yin náà á fi ìdá mẹ́jọ sí i. Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń ṣe tiwọn déédéé, nítorí náà ẹ bi àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ní ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù. Òfin mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 ní kí tíṣà lè ṣiṣẹ́ títí di ẹni ọdún 65 tàbí kó fi pé 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé 60 àti 35 ni tẹ́lẹ̀. Ìyẹn náà, ó di ìgbà tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá sọ ọ́ di tirẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, TRCN ló ń béèrè yín. Òfin 1993 ló dá àjọ náà sílẹ̀ láti máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ka Gẹ̀ẹ́sì lásán láìka Ẹ̀dúkéṣọ̀n mọ́ ọn ní láti lọ ṣe PGDE tàbí PDE, kó sì tún ṣe ìdánwò àjọ náà. Ẹ má fi falẹ̀. Mo mọ àwọn tó ti kọ́ni fún ọdún mẹ́jọ tí wọn kò lè sọdá sí ipò kan nítorí ìwé tí wọn ìbá ti gbà láàárín ọdún kan ààbọ̀.

Apá tí ọ̀pọ̀ tíṣà kò kà rí nìyí. Àfikún Karùn-ún ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kíkún kò gbọdọ̀ lọ́wọ́ nínú dídarí òwò tàbí iṣẹ́ àdáni kankan. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé tíṣà Gẹ̀ẹ́sì lè gbin kókó àti ọ̀pẹ láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bi í, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ máa darí ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ní bí wọ́n ṣe ń kọ ìjábọ̀. Mo mọ̀ pé lẹ́sìnnì ń lọ káàkiri lẹ́yìn ilé ìwé tí kò sí ẹni tó ń mú wọn. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá á béèrè ìwé CAC, orúkọ yín á sì hàn lórí rẹ̀ gàdàgbà. Ìyẹn kì í ṣe lẹ́sìnnì mọ́.

Ní ti kíkọ́ni fúnra rẹ̀, kò sí ibi tó tún dáa tó o fún ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí ọmọ ṣe ń kọ lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́ bíi pé ó ń kí bàbá rẹ̀ àgbà, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àròkọ alárìíyànjiyàn máa ń dàrú láti ìpínrọ̀ kejì nítorí pé ọmọ kò tíì mọ ẹ̀yìn ẹni tó wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọmọ àádọ́rin ní kíláàsì, ìṣẹ́jú márùn-ún lórí àròkọ kan, kíláàsì mẹ́ta: wákàtí mẹ́tàdínlógún ààbọ̀ nìyẹn fún iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tíṣà fi ń fúnni ní ìbéèrè A sí D. Ẹ má bá wọn wí.

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni

Kò sí orúkọ kan tí a lè pè é, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ páànù ní ẹ̀yìn ilé onílé àti èyí tó ń ṣe IGCSE ti Cambridge ní Lẹ́kì, aládàáni ni àwọn méjèèjì. Èkínní lè máa san iye tí owó ọkọ̀ máa gbé tán. Èkejì lè san ju ti ìjọba lọ ní ìlọ́po mélòó kan, pàápàá fún ẹni tó lè kọ́ Lítíréṣọ̀ dáadáa.

Àwọn tó ka Yorùbá, ẹ fetí sí èyí: ní oṣù Kejì 2018, Èkó ṣe òfin tó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà, aládàáni àti ti ìjọba. Òfin yẹn ti ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ mìíràn kàn ń wá ẹnì kan tí yóò dúró síbẹ̀ nígbà tí aṣojú ìjọba bá wá wò ó. Ẹ má sì fi ìlànà ìjọba nìkan ṣe ìpìlẹ̀ ilé yín. A rí bí wọ́n ṣe yọ Ìtàn kúrò nínú ohun tí ọmọ ń kà ní sáà 2009/2010, tí àwọn tó ka Ìtàn fi di tíṣà ẹ̀kọ́ ìlú lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n tó tún ní kó padà wá. Ìlànà 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n wọ́gi lé e ní oṣù Kọkànlá 2025.

Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi alákòóso: ṣé ẹ máa ń san owó oṣù Kẹjọ, nígbà tí ọmọ wà nílé? Ṣé Sátidé jẹ́ tèmi? Ìdáhùn sí èkejì ló máa sọ bóyá ẹ lè fi iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Àǹfààní ńlá tó wà níbí ni pé ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ sì lè dúnàádúrà. Èmi dúnàádúrà ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀. Ìgbà tí tíṣà tí wọ́n fi rọ́pò mi lọ sí Kánádà láàárín tááàmù ni wọ́n pè mí padà.

Yunifásítì

Iyì ló ń fa ọ̀pọ̀ wa lọ síbẹ̀, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní PhD kò lè rìn jìnnà níbẹ̀ mọ́, ọdún tí PhD sì máa ń gbà ní ilẹ̀ wa, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ìlẹ̀kùn tí ẹni tó ní máàsítáàsì lè gbà wọlé ni iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ ní ẹ̀ka GST. Gbogbo ọmọ yunifásítì ní Nàìjíríà ló gbọ́dọ̀ ṣe GST 111, tí í ṣe ìbánisọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, àti GST 112 lórí àwọn ènìyàn àti àṣà Nàìjíríà. GST 212 ló mú filọ́sọ́fì àti lọ́jíìkì wọlé. Lójú ìwé, iṣẹ́ wa gan-an nìyí. Ẹ dé inú gbọ̀ngàn wò. Ọmọ ẹgbẹ̀rún kan, maikirofóònù tó ń hó, àwọn tó wà lẹ́yìn ń jẹ búrẹ́dì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀, kí ọmọ tẹ A tàbí C. Ọmọ lè gba máàkì àádọ́rin nínú ìkọ̀wé láìkọ gbólóhùn kan. Mo ti kọ́ ọ fún sáà mẹ́ta, mi ò sì lè tọ́ka sí ọmọ kan tí mo kọ́ ní ìkọ̀wé níbẹ̀.

Owó iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ máa ń dé lẹ́yìn tí èsì ìdánwò bá ti wọlé, ìyẹn tó bá dé. Tíṣà tó wà ní kíkún náà kò bọ́ lọ́wọ́ ewu: ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ó parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ìjọba ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó gbà láti san oṣù mẹ́rin nínú rẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń sọ fún àwọn lẹ́kíṣọ̀: òfin tó de tíṣà ìjọba de ẹ̀yin náà, ṣùgbọ́n yunifásítì ní ilé-iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn tirẹ̀, irú bí UNILAG Consult. Iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba ibẹ̀ kọjá kò ní dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n á yọ tiwọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, orúkọ yunifásítì á gbé yín wọ ibi tí orúkọ yín nìkan kò lè gbé yín dé.

Ilé-iṣẹ́ ńlá: ibi tí owó wà, àti ibi tí owó ń sùn sí

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí ilé-iṣẹ́ fi ń sanwó fún irú wa. Àjọ ITF ti wà láti 1971. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún ó lé, tàbí tí ọjà rẹ̀ tó ₦50 mílíọ̀nù lọ́dún, gbọ́dọ̀ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san fún àjọ náà. Tó bá dá òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ bó ṣe yẹ, ó lè gba tó ìdajì owó yẹn padà. Nítorí náà, ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ní ìwé kan lọ́wọ́ tó fẹ́ kún. Ẹ bi í bóyá wọ́n ń gba owó padà lọ́dọ̀ ITF, ẹ sì bi í irú ìwé tí wọ́n máa nílò lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í bi í, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí wọn kò pè wọ́n mọ́.

Kí ni wọ́n ń rà? Wọ́n á ní gírámà ni, kì í ṣe gírámà. Ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí mo sọ yẹn, mo ní kí wọ́n fún mi ní lẹ́tà ogún tí wọ́n ti pa orúkọ inú rẹ̀ rẹ́. Ọ̀kan nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ mọ́kànléláàádọ́ta ló wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Oníbàárà kò ní mọ̀ bóyá wọ́n máa sanwó fún òun títí tó fi dé ìpínrọ̀ kẹta. Gírámà lẹ́tà náà pé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó kọ ọ́ ń kọ ọ́ bí ọmọlúàbí ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀: ó kí i, ó yí i ká, ó tọrọ àforíjì, ó wá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí àgbà fúnra rẹ̀ mọ èyí tó kù. Lẹ́nu, ẹwà ni. Lórí bébà, ọ̀ràn ni. Nígbà tí mo sọ báyìí fún wọn, gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, ọkùnrin kan tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún sì sọ pé òun rò pé òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ẹni tó ka Áàtì nìkan ló lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ti lo àlọ́ Ìjàpá tó lá ọbẹ̀ àṣèjẹ Yánníbo fún ẹ̀ka tó ń wo ewu ní báǹkì kan: babaláwo ti sọ fún un pé kó má tọ́ ọ wò, àṣẹ yé e, ó mọ ìdí rẹ̀, ó ṣì tọ́ ọ wò. Kí ló yẹ kí babaláwo ti ṣe? Wákàtí kan àbọ̀ ni wọ́n fi jiyàn. Ẹnì kan ní kó ti gbé ọbẹ̀ náà fún ẹlòmíràn gbé lọ. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní àkóso ewu, láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti owó. Àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ fi ṣe o, kì í ṣe iye tí ọjà gbà. Ká ní ẹ gba iṣẹ́ ọjọ́ méjì ní ₦400,000. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó orí ìdá márùn-ún, ₦20,000. Reluwé Ìbàdàn sí Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 dùn ún wọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní Mọ́níyà láàárọ̀ kò lè dé Victoria Island kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, torí náà ẹ máa sùn ní Èkó lálẹ́ àná àti lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Ká fi ọkọ̀ àti hòtẹ́ẹ̀lì sí ₦70,000. Ìwé tí ẹ máa tẹ̀ fún ogún ènìyàn, ₦30,000. Ó ku ₦280,000. Ẹ fi ọjọ́ márùn-ún múra sílẹ̀, ẹ fi méjì kọ́ni, ẹ fi ọ̀kan kọ ìjábọ̀: ọjọ́ mẹ́jọ, ₦35,000 lójúmọ́. Ó ṣì dára, ó dára gan-an. Àmọ́ ọjọ́ mélòó lóṣù ni ẹ máa rí irú rẹ̀? Lọ́dún kejì mi, ìwé àbá mẹ́fà ni mo kọ, ọ̀kan ṣoṣo ló di iṣẹ́. Oṣù Kìíní àti Kejì kì í sí nǹkan, wọn kò tíì fọwọ́ sí ìṣúná. Oṣù Kejìlá, àríyá ni wọ́n ń ṣe. Àkókò tí iṣẹ́ pọ̀ jù ni oṣù Kẹsàn-án sí Ìkọkànlá, tó bọ́ sí tááàmù kìíní gẹ́lẹ́.

Owó tí wọ́n jẹ yín máa ń sùn ní ẹ̀ka ìṣirò owó fún ọgbọ̀n ọjọ́, ọgọ́ta, àádọ́rùn-ún. Ẹ máa béèrè ìdajì kí ẹ tó lọ. Àwọn kan á ní ìlànà àwọn kò gbà á. Ẹ ní kí wọ́n fi ọjọ́ tí wọ́n máa san sínú ìwé. Ẹ fi orúkọ òwò yín sílẹ̀ ní CAC, ẹ gba nọ́ńbà owó orí, ẹ ṣí àpò báǹkì sí orúkọ náà, nítorí ilé-iṣẹ́ gidi kò ní sanwó sínú àpò tí ẹ fi ń gba owó ọ̀jẹ̀ ìdílé.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ bá ilé-iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ti ní oníbàárà ṣe é. Wọ́n á san iye kan lójúmọ́, èyí tó pọ̀ nínú owó á sì dúró lọ́wọ́ wọn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀, mi ò kábàámọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀kan nínú wọn mú ìwé tí mo kọ, ó yọ orúkọ mi, ó sì gbé e fún ẹlòmíràn láti lọ fi kọ́ni. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn ẹni tó ni ìwé.

Ní ti ẹ̀rọ tó ń kọ ímeèlì fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ó ti mú ìbẹ̀rẹ̀ ìkọ̀wé kúrò lọ́wọ́ wa. Kò sí ẹni tó tún ń pè mí láti wá kọ́ni ní ibi tí àmì ìdánudúró ń wọlé. Ohun tí wọ́n ń pè mí sí báyìí ni pé òṣìṣẹ́ ń fi ohun tí wọn kò kà ránṣẹ́ sí oníbàárà.

Ayélujára

Oríṣi méjì ló wà níbí. Èkínní ni kíkọ́ Yorùbá fún àwọn tó wà lókè òkun. Àwọn ọmọ wa ní London àti Houston ń wá a, ará Bùràsíìlì tó ń ṣe Candomblé náà ń wá a, ó fẹ́ mọ ohun tó ń kọ lórin. Ẹni tí kò lè fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kó má dá a láṣà níwájú ará Bahia, wọ́n máa bi yín.

Lórí italki, wọ́n ń yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Preply ń mú gbogbo owó kíláàsì ìdánwò àkọ́kọ́, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 33, tó ń rọ̀ sí 18 bí wákàtí yín ṣe ń pọ̀. Wákàtí tí ẹ tà ní dọ́là mẹ́wàá á fún yín ní 8.50 níbi kan, 6.70 níbì kejì. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n dọ́là ni, ó sì ń dé. Ohun tó ń pani níbẹ̀ ni òru. Nígbà tí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá lù ní New York, agogo mọ́kànlá ni nílé nígbà ooru wọn, méjìlá òru nígbà òtútù. London kò ní wàhálà, wákàtí kan péré ló yà wá nígbà òtútù. Bahia, wákàtí mẹ́rin. Ẹ yan akẹ́kọ̀ọ́ yín bí ẹni yan ibi tí oòrùn ti ń là, kí ẹ sì ní inverter.

Yunifásítì Wisconsin ní Madison àti ti Florida wà lára àwọn tó ń kọ́ Yorùbá, ètò Fulbright FLTA sì máa ń mú olùkọ́ Yorùbá lọ sí Amẹ́ríkà fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa wo ìkéde rẹ̀ lọ́dọọdún.

Oríṣi kejì ni IELTS. Iṣẹ́ méjì láàárín ọgọ́ta ìṣẹ́jú, àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ 150 ó kéré tán, èkejì 250. Kò sí ibòmíràn tí mo ti rí àgbàlagbà tó fẹ́ kọ́ ìkọ̀wé tó báyìí. Nọ́ọ̀sì tó ti gba 6.5 lẹ́ẹ̀mejì tó ń wá 7 máa kọ àròkọ mẹ́rin lọ́sẹ̀, á sì bẹ̀ yín kí ẹ kọ àléébù rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n sì máa ń sanwó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tó ń kúrò ní kíláàsì bọ́ sí ilé-iṣẹ́ ńlá, afárá tó dáa jù nìyí: àgbàlagbà ni ẹ ń kọ́, èsì wọn ló sì máa polówó yín.

Tí a bá ní ká pa á pọ̀

Wọ́n ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Òótọ́ ni, tí eku méjèèjì bá ń sá lọ sí ọ̀nà kan náà ní àkókò kan náà. Tíṣà ìjọba pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ńlá kò bára mu, òfin kò fẹ́ ẹ, oṣù Kẹsàn-án kò sì fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ GST pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ńlá burú jù, nítorí pé owó méjèèjì ló ń pẹ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún ọdún kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló san owó ilé mi. Aládàáni fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ńlá ló gba ọ̀pọ̀lọ: owó kékeré tó ń dé lóṣooṣù á ra oúnjẹ, owó ńlá tó ń pẹ́ á ra ohun ńlá. Ayélujára bá gbogbo wọn mu, àyàfi oorun.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó ní ọmọ kéékèèké, tí ẹnì kejì rẹ̀ kò tíì ní owó oṣù tó dúró, kó gba iṣẹ́ ìjọba tó bá rí i, kó ṣe PGDE, kó sì ra ilẹ̀ oko díẹ̀. Mi ò fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, tí kò sí ẹrù lọ́rùn rẹ̀: ọdún méjì sí mẹ́ta ní aládàáni tó dáa, IELTS ní ìrọ̀lẹ́, kó máa kó àpẹẹrẹ ìkọ̀wé burúkú jọ. Kó má lọ bá báǹkì kó tó pé ọdún yẹn. Wọ́n á bi í pé níbo ló ti kọ́ni rí, ìdáhùn "mo ka Gẹ̀ẹ́sì" kò tó.

Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá ní kíláàsì tí ara ń ta: ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ẹ kọ́kọ́ ní owó oúnjẹ oṣù mẹ́fà nípamọ́, ẹ lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nígbà ọlidé. Ọmọ PhD tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní yunifásítì, kó dúró níbẹ̀ kó gba ti ilé-iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn wọn. Ẹni tó ka Yorùbá tó sì mọ àmì ohùn dáadáa, Bahia ń dúró dè é ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́.

Ẹni tí kò bá lè ka àròkọ burúkú àádọ́rin láì bínú sí ọmọ tó kọ ọ́, kó má wulẹ̀ wọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ẹ̀ka ìpolówó ọjà máa ń gba àwọn tó ka Áàtì.